Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: TA LÓ NI SÌMẸ́ǸTÌ EWÉKORÒ?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n,

Láti Ìbògùn dé Ewékorò kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ kọ́lé, àwọn mìíràn sì ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn ará Ṣáínà ti rà á, kò ṣòro kí èèyàn sọ pé, "Ìjọba ló tà wá." Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ bíi tiwa.

1. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀

Ní 1959 ni wọ́n dá West African Portland Cement sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WAPCO. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà, UAC, àti àwọn aṣesìmẹ́ǹtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wá ń jẹ́ Blue Circle ni wọ́n jọ ni ín. Òkúta ẹfun inú ilẹ̀ Ewékorò ló fà wọ́n wá. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1960, Ṣàgámù sì tẹ̀lé e ní 1978. Òfin 1972 àti ti 1977 pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì ta lára ìpín wọn nínú ilé-iṣẹ́ fún ọmọ Nàìjíríà. Ní 1979, ìpín WAPCO di ohun tí a lè rà ní ọjà ìpín l'Ékòó.

2. Bí ó ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn

Ní 1995 ìjọba fagi lé òfin náà. Ní 2001, Lafarge ti ilẹ̀ Faransé ra Blue Circle l'ókè òkun. Ẹ kíyè sí i o: kò sí ẹni tó wá ná ọjà ní Ewékorò. Ẹni tó ni ìpín ńlá ni wọ́n rà, ni tiwa bá bá a lọ. Ní 2015, Lafarge dara pọ̀ mọ́ Holcim ti Swítsàlandì. Ní December 2024, Holcim kéde pé òun ń ta gbogbo ìpín òun, 83.81 nínú 100, fún Huaxin ti Ṣáínà. Bílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n dá lé gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n parí ètò náà ní 2025.

3. Báwo ni ìpín ẹni ṣe ń kéré láìtà á?

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìpín 100, tí ìwọ ní 10. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni tìrẹ. Ilé-iṣẹ́ wá owó, ó tẹ ìpín 100 mìíràn jáde, ó ní kí olúkúlùkù rà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí o kò bá rówó rà, 10 náà ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n nínú 200 ni. O ti di ìdá kan nínú ogún. Kò sẹ́ni tó jà ọ́ lólè. Ẹni tó lówó ló rà á. Lafarge Africa tẹ irú ìpín bẹ́ẹ̀ jáde ní 2017 àti 2018. Bí agbára ṣe ń kúrò lọ́wọ́ oníìpín kékeré nìyẹn, láìsí ariwo.

4. Ṣé títà fún àjèjì ni àrùn náà?

Kì í ṣe òun nìkan. Lábẹ́ Lafarge ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní Lakatabu sí Ewékorò ní 2011. Ẹ wá wo Àjàòkúta. Owó ìjọba ni, iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti nǹkan bí 1980 pẹ̀lú àwọn ará Soviet, síbẹ̀ kò tíì fi òkúta irin wa yọ́ irin rí. Wọ́n gbé e fún ilé-iṣẹ́ Íńdíà kan ní 2004, wọ́n gbà á padà ní 2008, ìjọba sì gbà ní 2022 láti san mílíọ̀nù 496 dọ́là kí ẹjọ́ lè parí. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú rọ́ọ̀dù tí ẹ̀ ń tà fi jẹ́ àlòkù irin tí wọ́n tún yọ́, tàbí èyí tí ọkọ̀ òkun gbé dé. Ọmọ Nàìjíríà náà lè ṣe é: Dangote ṣí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ìbẹsẹ̀, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ní 2012. Owó tó pé àti ẹni tó ń bójú tó o ni ọ̀rọ̀ náà.

5. Ohun tí a ó ṣe

(a) Ẹ tú àpótí àwọn òbí yín wò. Ìwé ìpín WAPCO àtijọ́ kì í ṣe bébà lásán. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìwé oníìpín ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ béèrè èrè tí ẹ kò tíì gbà.

(b) Bí ilé-iṣẹ́ tí ẹ ní ìpín nínú rẹ̀ bá kọ lẹ́tà nípa ìpín tuntun, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ kà á, kí ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má fi owó ọjà rà á.

(d) Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnì kan, ìbò kan ni, ì báà ní ìpín 5 tàbí 500. Olówó kan kò lè rà wá mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìbò kì í ra ẹrù. Ẹgbẹ́ tí kò bá dá owó jọ, ìbò nìkan ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìbéèrè fún ìpàdé:

1. Kí ló dé tí Ewékorò fi di ti Lafarge ní 2001, láìsí pé ẹnikẹ́ni tà á níbí?

2. Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ máa ra sìmẹ́ǹtì pọ̀ ní tírélà kan, èló ni kí olúkúlùkù máa dá lóṣù?

Ẹ mú ìdáhùn yín wá.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.