Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Ń Gbèsì: Bí Ẹgbẹ́ Àdúgbò Ṣe Lè Lo Ètò Ará Ìlú Lórí Rédíò

ÈRÒǸGBÀ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

A kọ ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi èdè Yorùbá ṣe ìpàdé ní òpópónà Ekenwan àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ní ìlú Bìní: ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kà á, tí ẹ sì ti jíròrò lé e lórí, ó yẹ kí ẹ lè:

(i) ṣàlàyé ohun tí ètò ará ìlú lórí rédíò wà fún;
(ii) múra ọ̀rọ̀ àdúgbò yín sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sórí afẹ́fẹ́;
(iii) tọpa ìlérí tí aláṣẹ bá ṣe lórí rédíò títí yóò fi di iṣẹ́.

1. ORÚKỌ TÍ ÀWỌN BÀBÁ WA SỌ RÉDÍÒ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò aláwáyà ní ìlú Èkó. Ní ọdún 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré ni wọ́n ń gbé sínú ilé àwọn tó bá lè san owó rẹ̀. Kò sí bí onílé ṣe lè yí i sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ó lè tan án, ó lè pa á, ó sì lè dín ohùn rẹ̀ kù. Ohun tí wọ́n bá ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Èkó rán wá náà ni yóò gbọ́. Àwọn bàbá wa wò ó, wọ́n rí i pé ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í dúró gba èsì ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Èsì tí kò sí yìí dá ọ̀rọ̀ ńlá sílẹ̀ nínú ìṣèlú wa. Ní ọdún 1953, nígbà tí àríyànjiyàn lórí òmìnira gbóná, Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò ìjọba, ó sì dá àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group lẹ́bi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò fún un. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kò gbàgbé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, rédíò WNBS sì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ yìí kan Bìní gan-an, nítorí pé abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Bìní wà nígbà náà, kí wọ́n tó dá Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní ọdún 1963.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn ní ẹ̀tọ́ láti fèsì. Ẹ̀tọ́ yìí wà fún ará ìlú, ó sì wà fún aláṣẹ tí ará ìlú ń fẹ̀sùn kàn. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà.

2. IBI TÍ A BÁ IṢẸ́ RÉDÍÒ DÉ LÓNÌÍ

Títí di ọdún 1992, ìjọba nìkan ló ń ni ilé iṣẹ́ rédíò ní Nàìjíríà. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún náà dá àjọ NBC sílẹ̀ láti máa ṣàkóso iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn aládàáni. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ní ọdún 2001, olùgbọ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe atọ́kùn ètò láìkúrò níbi iṣẹ́. Ní ìlú Bìní lónìí, a ní EBS tí í ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀ Edo, a ní Bronze FM tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, a sì ní àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni.

Kí ẹgbẹ́ tó lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò èyíkéyìí, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé oríṣi àyè méjì ló wà lórí afẹ́fẹ́. Àkọ́kọ́ ni àyè tí ènìyàn ń fi owó rà, bí ìpolówó ọjà, ìkíni àti ètò tí olóṣèlú ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Èkejì ni ètò ará ìlú, níbi tí atọ́kùn ti ń pe aláṣẹ wá, tí ó ń bi í ní ìbéèrè, tí ó sì ń ṣí fóònù sílẹ̀ fún olùgbọ́. Ẹ béèrè èyí tí ètò náà jẹ́ kí ẹ tó kó owó ẹgbẹ́ jáde.

Àpẹẹrẹ rere kan wà ní orílẹ̀-èdè Ghana. Ní ìlú Ada, nítòsí ibi tí odò Volta ti wọ òkun, Radio Ada bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1998 ní èdè Dangme. Apẹja, àgbẹ̀, obìnrin tó ń yan ẹja àti àwọn tó ń wa iyọ̀ ni olùgbọ́ rẹ̀, àwọn kan náà ló sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ni iṣẹ́ ń jókòó pẹ̀lú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ láti pinnu ohun tí ètò yóò dá lé. Ohun tí wọ́n ń fi ṣe é kò kọjá agbára ẹgbẹ́ kankan nínú wa: àsìkò, ètò, àti ìmọ̀ tó dájú nípa ibi tí wọ́n ń gbé.

3. IBI TÍ À Ń GBÉ NI ÀDÚGBÒ WA

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa a máa sọ pé àlejò ni àwa ní Bìní, pé ọ̀rọ̀ gọ́tà àti ọ̀nà di ti onílẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 24 rẹ̀ ka ojúṣe ará ìlú sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kí olúkúlùkù ṣe ohun rere tó wúlò fún ìlọsíwájú àti àlàáfíà agbègbè tí ó ń gbé. Ibi tí ó ń gbé ni òfin sọ. Kò sọ ibi tí wọ́n ti bí i.

Ilẹ̀ pupa oníyanrìn ni ilẹ̀ Bìní. Bí àgbàrá bá ti rí ojú ibì kan gbà lórí rẹ̀, kì í pẹ́ kí ó tó di ọ̀gbun. Pàǹtírí tí a bá dà sínú gọ́tà, tàbí sínú yàrà àtijọ́ tó yí ìlú yìí ká, ń dí ọ̀nà omi lọ́dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ rí. Nígbà tí omi bá ya wọ ilé, kì í béèrè bóyá ọmọ Ẹdó, Yorùbá, Ìgbò tàbí Urhobo ni onílé. Nítorí náà, tí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ lọ sórí rédíò lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn aládùúgbò yín ṣe ìpàdé, kí ó lè jẹ́ ohùn òpópónà kan ni ẹ gbé lọ. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè Ẹdó tàbí Pidgin dáadáa mọ́ àwọn aṣojú. Ìkíni "Kóyo" tó ti ẹnu aṣojú yín jáde yóò ṣí etí ọ̀pọ̀ olùgbọ́.

4. ÌMÚRA SÍLẸ̀: OHUN MÁRÙN-ÚN

Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tó dé orí rédíò kú síbẹ̀ nítorí pé ẹni tó gbé e wá kò ní ju ìbínú lọ. Aláṣẹ yóò ní, "A ó wò ó," ètò yóò sì parí. Kí ìyẹn má bàa ṣẹlẹ̀, ẹ pèsè ohun márùn-ún wọ̀nyí:

(a) Ojú ibẹ̀. Orúkọ òpópónà, igun ọ̀nà, àmì tí ènìyàn lè rí. "Ekenwan Road" nìkan kò tó, nítorí ọ̀nà gígùn ni.

(b) Ìgbà àti iye. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà mélòó ló ti ṣẹlẹ̀, ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù mélòó ló kàn. Ẹ kà wọ́n ní ojúlé sí ojúlé.

(d) Ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àfikún Kẹrin ìwé òfin ka òpópónà, gọ́tà, iná ojú pópó, ọjà, ibùdókọ̀ àti kíkó pàǹtírí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn ọ̀nà ńlá kan sì wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀. Ẹ wádìí bóyá Oredo tàbí Egor ni ojú ibẹ̀ bọ́ sí. Ẹ̀sùn tí a gbé lọ bá ẹni tí kò ni iṣẹ́ kò lè lérè.

(e) Ìwé. Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú kí ẹ tó lọ sórí afẹ́fẹ́, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ lórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ fi àwòrán tó ní ọjọ́ mọ́ ọn.

(ẹ) Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe. Àdúgbò tó ti kó ẹrọ̀fọ̀ inú gọ́tà tirẹ̀ kí ó tó pe ìjọba ní ẹnu tó gbọ̀ọ̀rọ̀ ju èyí tó jókòó lọ.

5. LÓRÍ AFẸ́FẸ́

Ìṣẹ́jú méjì ni ọ̀pọ̀ atọ́kùn lè fún olùpè kan. Ẹ wo bí aṣojú kan ṣe lè lo ìṣẹ́jú náà. A fi èyí ṣe àpẹẹrẹ lásán:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣojú ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ni mí, ní òpópónà kékeré tó yà láti Ekenwan Road, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni omi ti wọ ilé mọ́kànlá. A ti kó gọ́tà iwájú ilé wa ní ọjọ́ Sátidé méjì. Ibi tó ṣẹ́ kù wà lábẹ́ afárá kékeré tí ọwọ́ wa kò lè ká. A kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ gbà á. Ìbéèrè méjì ni a ní. Ọjọ́ wo ni wọn yóò wá wo ibẹ̀? Ta ni kí a pè bí ọjọ́ náà bá kọjá?"

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò bú ẹnikẹ́ni, kò pe ẹnikẹ́ni ní olè, kò sì dárúkọ ẹ̀yà tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìbéèrè tó ní ọjọ́ nínú ló bi aláṣẹ, èyí tó ṣòro láti fi "a ó wò ó" dáhùn.

Ìdí mìíràn tún wà fún ìkóra-ẹni-níjàánu. Ìlànà àjọ NBC kọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra àti ẹ̀sùn tí kò ní ẹ̀rí. Ní ọdún 2020, àjọ náà gbé owó ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra fún ilé iṣẹ́ rédíò kúrò ní ₦500,000 sí ₦5,000,000. Bí atọ́kùn bá gé olùpè kúrò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ènìyàn, kí a má tètè rò pé wọ́n ti ra á. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò.

6. LẸ́YÌN ÈTÒ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn lórí rédíò, inú wọn dùn, ó parí. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìlérí tí aláṣẹ ṣe sílẹ̀: ọjọ́, orúkọ ètò, ipò ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ohun tó sọ gan-an. Bí ọjọ́ bá pé tí a kò rí nǹkan kan, òfin ti fún wa ní irinṣẹ́.

Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí FOI, fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè fi ẹnu béèrè kí òṣìṣẹ́ ìjọba bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè gba ilé ẹjọ́ lọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹgbẹ́ lè béèrè bóyá owó wà nínú ètò ìnáwó ọdún fún gọ́tà yẹn, àti agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n gbé e fún.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin yìí kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Àwọn ará ìpínlẹ̀ Edo ló gbé ẹjọ́ tó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2014 ni wọ́n béèrè bí àjọ tó ń gbógun ti àrùn éèdì ní ìpínlẹ̀ yìí ṣe ná owó iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga dá wọn láre, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Bìní dá a nù. Wọ́n tẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pinnu pé òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ìlú tí à ń gbé yìí ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ pé àwa ni a kò ní lo ẹ̀tọ́ tó ti inú rẹ̀ jáde.

Bí wọ́n bá sì ṣe iṣẹ́ náà, ẹ padà sórí ètò kan náà láti dúpẹ́. Ìdúpẹ́ ń jẹ́ kí àwọn àdúgbò mìíràn mọ̀ pé ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́, ó sì ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ṣe dáadáa mọ̀ pé a rí òun.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí àwọn bàbá wa fi pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì? Ní àdúgbò yín, ṣé orúkọ náà ṣì bá a mu?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀sùn àti ìbínú? Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan tó ń dun àdúgbò yín ṣàlàyé.
3. Bí aláṣẹ tí ẹ fẹ̀sùn kàn bá ní àlàyé tó mọ́gbọ́n dání, kí ló yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta: ẹni tí yóò máa gbọ́ ètò ará ìlú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ń bọ̀, ẹni tí yóò kọ ìlérí àwọn aláṣẹ sínú ìwé, àti ẹni tí yóò jẹ́ aṣojú lórí fóònù. Kí ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, kí ẹnì kan sì jẹ́ ọ̀dọ́. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá pẹ̀lú ohun márùn-ún tí a kà sílẹ̀ ní ìpín kẹrin. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún náà bá ṣì kù, ẹ wá a rí kí ẹ tó pe ilé iṣẹ́ rédíò.