Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ṣí Ìwé Náà Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́mọ, àti ẹ̀yin olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀rọ̀ ìwé álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya ẹranko sí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Púpọ̀ nínú yín ń fi í dán ọmọ ọdún mẹ́ta wò bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Ó ń dùn mí, nítorí eré àti ìtàkùrọ̀sọ ni ìwé yìí wà fún.

1. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ ìwé náà wò. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25. Kò sí C, Q, V, X tàbí Z níbẹ̀. E àti Ẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni O àti Ọ, S àti Ṣ, G àti Gb. Ejò kò lè bá ẹja pín lẹ́tà kan. Ní 1875 ni Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó. Òǹtẹ̀wé tí ó bá ń yọ àmì abẹ́ lẹ́tà dànù lónìí kò ṣe ọmọ wa lóore. Ẹ wo àmì ohùn náà. Bí kò bá sí i, ẹkùn lè di ẹkún.

2. Ẹ gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ máa ṣí ìwé. Bí ó bá fo láti A dé T nítorí pé tòlótòló wù ú, ẹ bá a lọ.

3. Ẹranko ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí lẹ́tà tẹ̀lé e. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́, ẹ ké bí ewúrẹ́. Ẹ bi ọmọ léèrè ibi tí ó ti rí i rí, ẹ jẹ́ kí ó ròyìn ewúrẹ́ tí ó jẹ èèpo iṣu lẹ́yìnkùlé màmá àgbà, bí ìròyìn náà tilẹ̀ gùn. Ní ti ìgbín, bí òjò bá rọ̀, ẹ wá ọ̀kan wálé, kí ọmọ rí i bí ó ṣe ń yọ ìwo, tí ó sì ń fà á padà bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Kìnnìún kì í rìn ládùúgbò, ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn lè mú ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì. Ìgbà tí ọmọ bá ti mọ ẹranko náà dunjú ni kí ẹ tó nàka sí lẹ́tà rẹ̀.

4. Ẹ má wá ẹranko fún U. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò kan tí U bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àfi kí ará Èkìtì sọ pé "ulé". Ẹ fi U han ọmọ nínú màlúù àti gúnnugún.

5. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ọ̀kẹ́rẹ́ ń sáré nínú páàkì yín, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ń rìn ládùúgbò yín lóru. Ẹ máa fi orúkọ Yorùbá pè wọ́n fún ọmọ. Ọ àti K ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín.

6. Bí ọmọ bá ní kí ẹ tún ìwé náà kà, ẹ tún un kà. Bí ó bá dìde tọ bọ́ọ̀lù lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì ti ìwé náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù nítorí kí ó má baà ya. Ibi tí ọwọ́ ọmọ tó ni kí ẹ gbé e sí. Èyí tí ó bá ya, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.