Ẹ Gba Sọ́fútíwíà Lẹ́ẹ̀kan, Ẹ Lò Ó Nígbà Púpọ̀

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, yálà sí ẹbí tàbí sí ilé ìwé.

Ní Dallas níbí, ọ̀pọ̀ wa kì í ka owó íntánẹ́ẹ̀tì sí. Ẹni tí kò ní in nílé lè lo ti Dallas Public Library lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ni wọ́n fi ń ra dátà, díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó lé iye tí wọ́n ń gbà, ó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá já nítòsí Abidjan, ó sì dí ọ̀pọ̀ ènìyàn àti báńkì lọ́wọ́ ní Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. LibreOffice, tí a fi ń kọ lẹ́tà tí a sì fi ń ṣe ìṣirò owó, ju mẹ́gábáìtì 300 lọ. Bí ilé ìwé kan bá ní kọ̀ǹpútà 10, tí wọ́n sì gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti ju gìgábáìtì 3 lọ nìyẹn. Bí fáìlì náà bá wà lórí fíláàṣì, wọn ò ní ná kọ́bọ̀ lórí dátà láti fi sórí gbogbo wọn.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

1. Ẹ gba odindi fáìlì. Èyí tí Firefox máa ń kọ́kọ́ gbé fún oní-Windows kò tó mẹ́gábáìtì 1. Ìránṣẹ́ lásán ni. Bí ẹ bá ṣí i, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa padà sí lọ gbé ẹrù gan-an wá. Chrome náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ní odindi: ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "offline", "standalone" tàbí "full installer" sí.

2. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é gan-an ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alágbàtà. LibreOffice ń tẹ nọ́ńbà SHA-256 jáde fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Lórí Windows, ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, àti SHA256. Bí ẹyọ lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un gbà.

3. Ẹ yan fíláàṣì tó yẹ. Èyí tó bá wà ní FAT32 kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó ju gìgábáìtì 4 lọ; exFAT ló dára. Fún Windows fúnra rẹ̀, Media Creation Tool ti Microsoft ń fẹ́ fíláàṣì gìgábáìtì 8 ó kéré tán, ó sì máa nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ẹ ya tiẹ̀ sọ́tọ̀.

4. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìwé ìṣirò: orúkọ sọ́fútíwíà, ẹ̀dà tó jẹ́, ọjọ́ tí ẹ gbà á, ibi tí ẹ ti gbà á. Fáìlì tó ń jẹ́ "setup" lásán, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó jẹ́. Ẹ ṣe é ní méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín.

5. Ẹ dán an wò. Ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ fi sọ́fútíwíà náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ tó di ẹrù. Bí ó bá ní òun ń wá íntánẹ́ẹ̀tì, ìránṣẹ́ lẹ gbà.

Ẹ kíyè sí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, òfin gbà kí ẹ ṣe ẹ̀dà LibreOffice àti Firefox fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n níní fáìlì sọ́fútíwíà olówó kò túmọ̀ sí pé ẹ ti sanwó rẹ̀. Microsoft 365 pàápàá, bí ẹ tilẹ̀ fi odindi fáìlì gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó ṣì ń fẹ́ rí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Èkejì, sọ́fútíwíà tó ti pẹ́ máa ń ní ihò tí olè lè gbà wọlé. Ẹ máa pààrọ̀ ohun tó wà lórí fíláàṣì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé pé ọjọ́ tí wọ́n bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí Firefox tàbí Chrome sọ ara rẹ̀ dọ̀tun.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Bí ibì kan kò bá yé yín, ẹ mú fíláàṣì yín wá bá wa kí kọ̀ǹtéénà tó lọ, a ó jọ ṣe é.