Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: Ẹ WO ARÁ ILÉ KÍ Ẹ TÓ KỌ́LÉ



Owó ilé kíkọ́ wà lára owó tí a máa ń yá jù lẹ́gbẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n a ti rí ẹni tó kọ́lé yàrá mẹ́fà sẹ́yìn ìlú, tí ìyá rẹ̀ kò lò ju oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tó fi padà sí agbo ilé. Mama ní òun kò rẹ́ni kí. Owó òwò ìyàwó ti bá gbèsè lọ. A sì mọ ẹni tó jẹ́ yàrá méjì péré ló ní nínú agbo ilé bàbá rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kí ló fà á?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó. Láti 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé kan láàárín ìlú, wọ́n ní ibẹ̀ há, kò sì mọ́. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sílé tuntun ní Sùúrùlérè. Òyìnbó kan, Peter Marris, ṣèwádìí láàárín wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ilé tuntun náà dára ju ti àtijọ́ lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń tajà pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ dé, ẹbí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ sì fọ́n ká. Inú wọn kò dùn rárá. Tọkọtaya olówó-oṣù tó fẹ́ jìnnà díẹ̀ sí wàhálà ẹbí ní tiwọn, ibẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn. Ilé kan náà ni o, ìdílé ló yàtọ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé ẹ̀yáwó, ẹ bi ara yín, tọkọtaya:

1. Ta ló máa gbé ibẹ̀? Arúgbó kò lè máa gun petẹ́ẹ̀sì lójoojúmọ́.

2. Níbo lóúnjẹ wa ti ń wá? Ẹni tó ń tajà níwájú ilé kò gbọdọ̀ sá fún ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń ṣe gààrì nílò omi àti àyè.

3. Báwo la ó ti rí lọ́dún mẹ́wàá sí i? Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó ti bàlágà kò lè sun yàrá kan. Bí wọ́n bá sì lọ tán, ta ni yóò máa gbá yàrá mẹ́fà?

4. Bí a bá ń san gbèsè, ṣé owó ọjà ṣì wà nílẹ̀?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwa ní ẹ wo ará ilé kí ẹ tó pe bíríkìlà. Ẹni tí mọ́lẹ́bí rẹ̀ fi ṣe odi, tó gbé wọn sílẹ̀ nítorí páànù tuntun, yóò fẹ̀yìn tì afẹ́fẹ́.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìdáhùn rẹ̀ wá, yálà Òmù-Àrán ló ń gbé tàbí Ẹ̀sìẹ́. Ká fikùn lukùn kí owó tó jáde.