Ibi Tí Ìtàn Sinimá Ti Ń Bàjẹ́

Apá ìparí ni ẹni tó ń kọ ìwé eré sinimá sábà máa ń há sí. Ó ti kọ ọgọ́ta ojú ìwé, ọ̀tá ti gba ilé mọ́ ọmọ òrukàn lọ́wọ́, ọmọ náà kò sì rí ọ̀nà gbà á padà. Ni lọ́yà kan bá yọ lójijì pẹ̀lú rìsíìtì ilẹ̀, tàbí kí ọ̀tá ṣàdédé ya wèrè, kó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láàárín títì. Òǹwòran á pòṣé. Òǹkọ̀wé á máa tún ìparí yẹn kọ títí, kò ní í dáa, nítorí ibẹ̀ kọ́ ló ti bàjẹ́. Ohun tí kò gbìn sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ló ń wá kiri.

Ẹ wo Saworoidẹ, sinimá tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Kò pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ tí a ti mọ májẹ̀mú ìlú Jogbo: ọba gbọ́dọ̀ ṣe ètùtù, bí ẹni tí kò ṣe é bá dé adé, tí wọ́n sì lu ìlù saworoidẹ, orí fífọ́ ni yóò pa á. Ọba Lápité kọ̀, kò ṣe é. Nígbà tí Lágàta, ọ̀gá ṣọ́jà, wá fi ipá gba ìtẹ́, tó dé adé, tí ìlù dún, tó ṣubú, ta ló máa béèrè pé ibo lèyí ti wá? Ọ̀rọ̀ òṣèlú inú eré náà làwọn èèyàn ń yìn jù. Ní tèmi, májẹ̀mú yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀ ró.

Àwọn kan á ní, ṣé orí kì í gbeni lójijì ni? Ó ń gbeni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí babaláwo ṣe ń to ẹsẹ Ifá: wọ́n dífá fún ẹnì kan, wọ́n ní kó rúbọ, ó rú u tàbí kò rú u, ẹ̀yìn náà ni ire tàbí ibi tó dé. Ifá tó gbà pé àyànmọ́ wà kì í jẹ́ kí ìgbàlà ṣáájú ẹbọ. Ẹlòmíràn á sọ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alárìnjò ayé Hubert Ògúndé kì í kọ gbogbo ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eré kan náà ni wọ́n ń gbé láti ìlú dé ìlú. Ibi tí èrò bá ti ń tòògbé lónìí, wọ́n á tún un ṣe lọ́la. Sinimá kò ní ọ̀la bẹ́ẹ̀. Tí kámẹ́rà bá ti yà á, tí òṣèré ti gbowó lọ, àtúnṣe di gbèsè.

Àtakò tó lágbára jù ni pé bí a bá gbin nǹkan sílẹ̀, òǹwòran á ti mọ ìparí. Á mọ̀ ọ́n lóòótọ́, bí a bá pàtẹ rẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ọjà. Iṣẹ́ mìíràn ni kí a fún nǹkan náà ṣe. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ òrukàn yẹn. Lójú ìwé kẹta, bàbá rẹ̀, tí kò mọ̀wé kà, ṣì wà láàyè. Ó ń gbé fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tó ti kú kọ́ ògiri. Gíláàsì férémù ń mì. Ó fa ìwé àtijọ́ kan yọ nínú àpótí, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi há ẹ̀yìn fọ́tò náà. Ọkọ tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ aya rẹ̀ ni òǹwòran rí. Wọ́n á gbàgbé ìwé. Lójú ìwé ọgọ́ta, ọ̀tá ń kó ẹrù síta, ọmọ kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní í fi fọ́tò ìyá òun sílẹ̀. Wọ́n jọ ń fà á, férémù já lulẹ̀, ìwé tó ká sí mẹ́rin yọ. Ọmọ náà mọ̀wé kà. Lọ́yà lè máa lọ sílé.