Ṣé Ègbè Ni? Fíìmù tí Ń Tẹ̀lé Ara Òǹwòran

Ẹni tó bá ti jókòó nídìí àlọ́ àpagbè rí mọ̀ pé kì í ṣe apàlọ́ nìkan ló ń pa á. Bí kò bá sí ẹni tí yóò gbè é, àlọ́ náà kò lè dùn. Ìdí nìyí tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ lítírésọ̀ alohùn fi máa ń ka olùgbọ́ mọ́ òṣèré. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni irú fíìmù kan tí òun náà ń gba èsì lọ́dọ̀ òǹwòran, ṣùgbọ́n tí kì í gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó ti ń gbà á. N ó máa pè é ní fíìmù atẹ̀lára.

Fíìmù tí ń gba ìbò ló kọ́kọ́ wà. Ní ọdún 1967, níbi àfihàn àgbáyé Expo 67 ní Montreal, ní Kánádà, Radúz Činčera, ọmọ Czechoslovakia, gbé Kinoautomat jáde. Bọ́tìnì pupa àti aláwọ̀ ewé wà lára àga kọ̀ọ̀kan. Bí ìtàn bá dé oríta, wọn a dá fíìmù dúró, wọn a bi àwọn ènìyàn pé ọ̀nà wo ni kí á gbà. (Ẹ̀tàn díẹ̀ wà níbẹ̀ o: ọ̀nà yòówù tí wọ́n bá yàn, ibì kan náà ni yóò padà já sí.) Síbẹ̀, ẹni tó tẹ bọ́tìnì mọ̀ pé òun tẹ̀ ẹ́.

Fíìmù atẹ̀lára kì í bèèrè. Nígbà tí Alexis Kirke fi Many Worlds hàn ní Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2013, ẹ̀rọ ni wọ́n so mọ́ àwọn òǹwòran kan láti ka lílù ọkàn, òógùn, iṣan àti ìgbì ọpọlọ wọn. Kọ̀ǹpútà a sì ti ibẹ̀ yan ìran tó kàn. Richard Ramchurn ti Yunifásítì Nottingham gba ọ̀nà tirẹ̀. Nínú The Disadvantages of Time Travel, bí òǹwòran bá ṣẹ́jú ni àwòrán ń yí padà. Àwa tí a ń fi ìṣẹ́jú ka àkókò yóò gbádùn ìyẹn! Nínú The MOMENT (2018), tó gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 27, ẹ̀rọ tí a dè mọ́ iwájú orí ló ń díwọ̀n àkíyèsí. Bí àkíyèsí bá lọ sílẹ̀, fíìmù a fò sórí ìtàn mìíràn, orin a sì yí pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí gan-an ló rán mi létí ìyá mi àgbà. Bí ó bá rí i pé a ti ń tòògbé, yóò fi ìtàn sílẹ̀, yóò dá orin. Ohun kan náà ha kọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe? Mo kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà máa ń dárúkọ ẹni tó ń tòògbé, onítọ̀hún a ta jí, a sì gbè é tàbí kí ó kọ̀. Ọmọ tó kọ̀ tí kò gbè ti sọ èrò rẹ̀ nípa àlọ́ náà. Ọkàn tó ń lù kìkì kò sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀: ìbẹ̀rù a máa mú un lù, ayọ̀ náà a máa mú un lù. Ẹni tó tẹjú mọ́ fíìmù tí ó sì ń ro owó ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tíì san, àkíyèsí tirẹ̀ náà ga!

Ìṣòro mìíràn tún wà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìṣẹ́jú òun ń darí fíìmù lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ojú ara rẹ̀, ìtàn a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìtàn bá tún gbé e lọ, a gbàgbé pé òun ń darí ohunkóhun. Kò dà bí ègbè, tí a ń fi ẹnu kan náà gbè tí a sì ń gbádùn.

Nítorí náà, n kò lè pè é ní ègbè. Inú ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń fi mọ́tò fà kiri ni wọ́n ti fi The MOMENT han àwọn ènìyàn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dé ẹ̀rọ mórí, àwọn yòókù jókòó tì í, wọ́n ń wò ó. Ìgbàkígbà tí fíìmù bá fò, wọ́n lè fura pé ọkàn ẹni náà ti lọ síbòmíràn, kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.