Ta Ní Ń Kó Krill Jọ: Omi Òkun Ni, Tàbí Òun Fúnra Rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ẹ̀dá kékeré kan tí ń gbé inú òkun tí ó yí ilẹ̀ yìnyín Antarctica ká, ní ìhà gúúsù ayé pátápátá. Krill ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ ó sọ pé edé ni. Kò sábà gùn ju sẹ́ńtímítà 6 lọ. Síbẹ̀, òun ni oúnjẹ àbùùbùtán, séálì àti ẹyẹ penguin. Àwọn ọkọ̀ ìpẹja ńláńlá pẹ̀lú ń wá a kiri, nítorí òróró rẹ̀ àti nítorí oúnjẹ ẹja ọ̀sìn.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni ó fà á tí krill fi ń pọ̀ yamùrá níbì kan, tí ibòmíràn sì ń ṣófo?

1. Iṣẹ́ omi

Ìṣàn omi kan wà tí ó yí Antarctica po, láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Kò sí ilẹ̀ kankan tí ó dínà fún un, òun ni ó sì lágbára jù lọ nínú gbogbo ìṣàn òkun ayé. Ọmọ krill tí kò tíì lè wẹ̀ dáadáa kò lè bá omi yìí jà. Ibi tí omi bá gbé e lọ ni ó ń lọ.

Ẹ wo erékùṣù South Georgia. Ọ̀pọ̀ krill tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Omi ni ó ń gbé wọn wá láti ọ̀nà jíjìn, láti ìhà ahọ́n ilẹ̀ Antarctica tí ó nà sí ọ̀nà South America. Lọ́dún tí omi kò bá gbé púpọ̀ wá, ebi ni. Ní ọdún 1994, krill ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹyẹ penguin ni kò sì yè.

2. Ìṣe krill

Ṣùgbọ́n krill kì í ṣe pàǹtírí tí àgbàrá ń gbá lọ. Ó ní ìṣe tirẹ̀:

(a) Ara rẹ̀ wúwo ju omi lọ. Bí ó bá dẹ́kun àti máa ju ẹsẹ̀, yóò rì. Nítorí náà, iṣẹ́ ni wíwà láàyè jẹ́ fún un.

(b) Ó ń rìn lágbo. Nínú àyè omi tí kò ju mítà 1 lọ ní gbogbo ìhà, a lè rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ẹyẹ tí ó bá wọ àárín irú agbo bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣòro fún un láti mú ọ̀kan. Àmọ́ àgbájọ kan náà ni àbùùbùtán ń fẹ́: ó kàn ya ẹnu ni, ó gbé wọn mì.

(d) Lóru, ó sábà máa ń gòkè wá jẹ àwọn ewéko tíntìntín tí ń bẹ lójú omi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò sọ̀kalẹ̀ sínú òkùnkùn, kí ọ̀tá má baà rí i.

3. Nígbà tí omi àti ìṣe bá pàdé

Ibí yìí ni kókó ẹ̀kọ́ wa wà. Omi òkè àti omi ìsàlẹ̀ kì í sábà rìn bákan náà. Ó dà bí ọkọ̀ méjì: ọ̀kan ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, èkejì ń yí po àárín ìlú. Ẹni tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́ láti wọ èkejì kò ní tètè kúrò nílùú.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní Palmer Deep, ọ̀gbun abẹ́ òkun kan lẹ́bàá erékùṣù Anvers, tí ó jìn ju mítà 1,000 lọ. Àwọn onímọ̀ rí i pé omi ojú òkun ń yára kọjá níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi ìsàlẹ̀ ń yí po lójú kan. Krill tí ó bá sọ̀kalẹ̀ jìnnà tó lọ́sàn-án yóò pẹ́ níbẹ̀ ju èyí tí ó dúró sókè lọ. Ìdí kan nìyí tí àwọn ẹyẹ penguin ìtòsí fi ń rí oúnjẹ nítòsí ìtẹ́ wọn.

4. Ohun tí ó wà nínú ewu

Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ṣàkóso ìpẹja ní òkun yìí ni CCAMLR, tí àdéhùn rẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní ọdún 1982. Ní apá Àtìláńtíìkì òkun náà, wọ́n fi iye sí krill tí a lè kó lọ́dún: 620,000 tọ́ọ̀nù. Láti ọdún 2009, wọ́n tún pín iye yìí sí agbègbè mẹ́rin, kí a má baà kó gbogbo rẹ̀ níbì kan. Ní ọdún 2024, ohùn wọn kò ṣọ̀kan láti tún ìpín náà ṣe, ó sì parí. Ní ọdún 2025, iye náà pé kí àkókò ìpẹja tó parí, wọ́n sì ti ìpẹja náà ní oṣù Kẹjọ.

Ẹnìkan lè sọ pé iye yẹn kéré sí gbogbo krill inú òkun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ó ní ọmọ nínú ìtẹ́ kò lè rìn jìnnà. Ọjà tí ó kún nílùú kejì kò yó ọmọ tí ebi ń pa nílé. Ibi tí omi àti ìṣe bá kó krill jọ sí ni ọkọ̀ ìpẹja ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni ẹyẹ ń lọ. Nítorí náà, bí a bá ń béèrè pé, "Mélòó ni a kó?", a gbọ́dọ̀ tún béèrè pé, "Níbo ni a ti kó o?"

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ó mú kí ọmọ krill yàtọ̀ sí àgbà krill nínú ìṣàn omi?
2. Báwo ni sísọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án ṣe ń mú kí krill pẹ́ ní Palmer Deep?
3. Àǹfààní wo ni ó wà nínú pípín ìpẹja sí agbègbè mẹ́rin?